Òkúta Tí Ọdẹ́jìnmí Kò Wò Lójú

Ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ mi jù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi, nítorí bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń ta. Ìwọ tí o ń jẹ ẹ̀pà lẹ́bàá ògiri yẹn, yálà kí o jẹ ẹ́ tán tàbí kí o fún wa lára rẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi àti ẹfọ̀n tí inú ń bí ti jọ wo ara wa lójú rí, ẹfọ̀n ni ó kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mo ti gba ẹ̀ka igi lọ́wọ́ ọ̀bọ, mo sì fi ṣe ibùsùn fún oṣù mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irọ́ ni, kí ó lọ bi ọ̀bọ náà.

Ìtàn òní kì í ṣe tèmi ṣá. Ti bàbá mi ni, Ọdẹ́jìnmí ará Ìdí-Òro, ọdẹ tí ó fi ọ̀nà mẹ́rìndínlógún jù mí lọ, tí èmi sì fi ọ̀nà kan jù ú lọ: èmi mọ ìjókòó. Bàbá mi kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá gbé àga fún un, yóò dúpẹ́, yóò gbé ẹsẹ̀ kan lé e, yóò sì máa wo ọ̀nà. Orí ìdúró ni ó ti ń jẹun, òkèlè kẹta kì í sì í bá a nínú ilé. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bàbá mi ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ó ti pàdé abuké erin lójú ọ̀nà, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò balẹ̀.

Ọdún méjìlá ni òun àti ìyá mi, Àwẹ̀ró, fi wá ọmọ. Ní ọdún kẹtàlá, Àwẹ̀ró lóyún. Ẹ rò pé ọkùnrin náà yóò wá jókòó wàyí? Oyún náà pé oṣù méje, àlejò kan gba ìlú kọjá, ó ní òun rí etu kan tí ó ní òjìji méjì ní ìkọjá Igbó Adákẹ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá mi fi wọ gbérí ọdẹ rẹ̀, tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká.

Àwẹ̀ró dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe obìnrin aláriwo, nítorí náà, bí ó bá sọ̀rọ̀, ó yẹ kí ènìyàn gbọ́.

"Ọkọ mi," ó ní, "ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún ẹni tó wà lórí ìdúró, n kò sì bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ẹran gbígbẹ tí a lè fi pamọ́ dè yín. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ. Bí oòrùn ọjọ́ náà bá wọ̀ tí ẹ kò sí nínú ilé yìí, mo ń gbé ọmọ mi lọ sí ilé bàbá mi nìyẹn, n kò sì ní padà wá mọ́."

"Àwẹ̀ró, oṣù kan péré ni. Kí o tó bí i, mo ti dé."

"Mo ti gbọ́ oṣù kan péré rí."

Ó fa òwú funfun kan yọ, ó já a sí méjì. Ó so ìdajì mọ́ ẹnu ìbọn ọkọ rẹ̀, ó so ìdajì yòókù mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ọmọ bá délẹ̀, òwú ẹnu ìbọn yóò pọ́n bí osùn. Ó ní ohunkóhun tí ó bá sì ń ṣe ọkọ òun níbi tí ó bá wà, òwú ọwọ́ òun yóò sọ fún òun. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, bí ó ṣe ń ṣe é kò sì kàn yín.

Ẹ má bi mí bí bàbá mi ṣe dé ibi tí ó dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye òkè tí ó gùn, kí ó lọ gùn wọ́n kí ó máa kà wọ́n. Ó la Igbó Adákẹ́ kọjá, níbi tí àwọn igi ti ń fi ewé bo ẹnu ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́. Ó gba ìlú àwọn afẹ̀yìnrìn, tí wọ́n ń kí i pé ó dàbọ̀ nígbà tí ó ń wọlé, tí wọ́n sì kí i káàbọ̀ nígbà tí ó ń jáde. Etu náà ń sá níwájú rẹ̀. Bí ó bá yìnbọn lu òjìji kan, etu náà yóò gbé òjìji kejì sá lọ. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ni etu náà bá wọ inú ìkùukùu ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Òjò-Kì-í-Dá, kò sì jáde mọ́.

Ìlú yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Òjò ibẹ̀ kì í pariwo, kì í sì í tán. Ńṣe ni ó ń sẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí ń ti inú asẹ́ bọ́. Òkè wọn tútù láti ìdí dé orí. Àgùntàn wọn pọ̀ ju ènìyàn lọ, irun wọn sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá mi fi rò pé òwú ni wọ́n gbìn sórí òkè. Odò kékeré kan gba àárín ìlú náà kọjá, orúkọ rẹ̀ ni Àyídà. Lónìí, ọmọdé lè fò ó; lọ́la, erin kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn. Àwọn ará ìlú náà kò ní iṣẹ́ méjì ju pé kí wọ́n máa wa ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Irú ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ tí ó gba ẹnì kan péré, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo ẹ̀wà. Ènìyàn yóò na ẹsẹ̀ sínú rẹ̀, yóò fi awọ kan di ìbàdí rẹ̀ mọ́ ẹnu ọkọ̀ náà kí omi má baà wọlé, yóò dé igbá tí wọ́n tẹ́ òwú sí nínú sórí, yóò sì so ó mọ́ àgbọ̀n nítorí òkúta. Àjẹ̀ wọn ní orí méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Bí ọ̀kan bá ń jẹ omi, èkejì á máa mí.

Bàbá mi dúró ó ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, ni ó bá bojú wo ìbọn rẹ̀. Òwú ẹnu ìbọn ti pọ́n bí osùn.

Ó ké. Ó fò sókè. Ó dì mọ́ àgùntàn kan, ó sì fi ẹnu kò ó lórí. Ọmọ ti dé! Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mọ́ ìka ọwọ́, ara rẹ̀ sì di yìnyín. Ó sáré tọ obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe ní etídò. Ìyá Olókè-Odò ni wọ́n ń pè é, òun sì ni olórí àwọn awakọ̀ náà. Ó bi í ní ọ̀nà Ìdí-Òro.

"Ọmọ mi, ogún ọjọ́ ni lórí ilẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlú yín ni Àyídà yìí gbà kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin ni lórí omi."

Kí ó tó pa ẹnu dé, bàbá mi ti wọ inú ọkọ̀. Ìyá náà fi ẹsẹ̀ ta ọkọ̀ náà, ó dojú dé, bàbá mi mu omi tí ó tó mu lọ́sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ìyá náà ní, "Ìwọ tí o kò tíì mọ bí a ti ń ṣubú, ibo lò ń lọ? Kọ́kọ́ wá kọ́ ìṣubú ná."

Ọjọ́ kejì látọjọ́ tí a ti bí ọmọ náà ni ó lò lórí ìṣubú. Wọ́n ń dojú rẹ̀ dé, ó ń mu omi; wọ́n ń dojú rẹ̀ dé, àgùntàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Olókè-Odò ń pariwo láti etídò pé, "Má gbé orí jáde ṣáájú! Ìbàdí ni kó kọ́kọ́ yí, orí ni kó jáde kẹ́yìn!" Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ni ó wà lábẹ́ omi tí kò ní fẹ́ kí orí òun kọ́kọ́ jáde? Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ó fi orí sílẹ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ náà sì yí padà sókè wẹ́rẹ́.

Ìyá náà wá fún un ní òfin odò náà.

"Àgbà mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà rẹ, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Òkúta ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n dúró bí ènìyàn. Kí o tó wọ omi, kí àgbà náà, kí o sì gbọ́ tirẹ̀. Bí omi bá dé kókósẹ̀ rẹ̀, gbé ọkọ̀ rẹ rù. Bí omi bá dé ìbàdí rẹ̀, máa lọ. Bí omi bá dé ọrùn rẹ̀, jókòó."

"Ìyá, bí omi bá bo orí rẹ̀ ńkọ́?"

"Kí o jókòó síbi tó ga."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá mi dé ọ̀dọ̀ Àgbà kìíní. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣe, kí ẹ sì sọ fún mi bí ẹ̀yin kò bá ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ni ó ti wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá." Ó dìde, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó yí padà, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó sì wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò máa wo àgbàlagbà láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni ń yẹ ẹran wò lọ́jà? Kò wò ó rárá. Ohun tí kò rí ni pé kókósẹ̀ òkúta náà ni omi dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kó sọ́wọ́ Ìdílé Eyín. Ẹbọra ni wọ́n, abẹ́ odò ni wọ́n ń gbé, bí omi bá sì fà, eyín wọn nìkan ni ó máa ń yọ síta. Ọkọ̀ bàbá mi ń họ wọ́n gàràgàrà láti ọ̀kan dé ìkejì.

"Ta ló ń fi ìdí ọkọ̀ họ wá lójú oorun?" ni àgbà inú wọn wí.

"Èmi Ọdẹ́jìnmí ni, ẹ má bínú, mo ń kánjú ni."

"Ó ń kánjú!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ náà sì ń gbọ̀n láàárín wọn. "Ó dáa, akánjú, dáhùn kí o lọ. Kí ló jókòó sáàárín ìjà tí ìjà kò kàn án?"

"Ọba ni."

"Ọba tí wọ́n ń torí oyè rẹ̀ jà? Irọ́."

"Ìgbín ni, nínú ìkarahun rẹ̀."

"Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Irọ́. Kánjú wá ìdáhùn náà lọ, nítorí àbúrò wa obìnrin ń bẹ nísàlẹ̀, yóò bi ọ́, kì í sì í ṣe eyín nìkan ni òun ní."

Bí wọ́n ti wí bẹ́ẹ̀, wọ́n gé ìdí ọkọ̀ náà jẹ, ó sì ní ihò tí orí ọmọ tuntun lè gbà wọlé. Bàbá mi gbé ọkọ̀ rù, ó fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù nínú ìrìn ọjọ́ náà láàárín òkúta. Gbogbo ọjọ́ kẹrin ni ó fi ń wá ìda oyin àti oje igi tí yóò fi dí ihò náà. Bí ó ṣe ń fẹ́ iná sí ìda náà, ó rántí òkúta, ó rántí pé òun kò wò ó, ó sì gbá itan ara rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, o tọpa ẹsẹ̀ ẹran fún ọgbọ̀n ọdún, o kò lè wo ẹsẹ̀ òkúta!" Inú bí i dé ibi pé ó sunkún. Ọjọ́ kan ti lọ báyìí.

Láníyì, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ohùn rẹ ni mo gbọ́. O ní báwo ni mo ṣe mọ ohun tí bàbá mi ń rò nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọjọ́ mẹ́rin lọ? Bàbá mi ló sọ fún mi, orí àga ló wà nígbà tó ń sọ ọ́, lẹ́yìn tí ó ti mọ àga í jókòó lé. Bí o bá tún já lu ọ̀rọ̀ mi, ẹnu ìbọn ni n ó so ọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó dé ọ̀dọ̀ Àgbà kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ó dìde sórí eékún, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ wò yín." Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo ẹsẹ̀, ó wo orúnkún, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni ń jalè. Ìbàdí ni omi dé. Ó dà bíi pé inú òkúta náà dùn pé ẹnìkan wo òun, tàbí bóyá oòrùn ni ó tàn sí i lójú.

Háà, ẹ̀yin ènìyàn, odò tí ó dé ìbàdí dùn! Omi gbé e, ó ń lọ, ó ń bọ́ láti orí pẹpẹ òkúta kan sí òmíràn, ìfófòó ń fọ́ sí i lójú. Bí àjẹ̀ ọ̀tún bá jẹ, àjẹ̀ òsì á mí. Ó kọrin. Ó pe orúkọ gbogbo ẹran tí ó ti pa rí, ó ní kí wọ́n wá wo òun. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ní wákàtí yẹn, bàbá mi ìbá fún gbogbo ayé jẹ.

Inú orin yìí ni ó wà tí odò náà fi já. Omi náà já sílẹ̀ láti ibi tí ó ga tó òrùlé, bàbá mi sì bọ́ sórí itan àbúrò Ìdílé Eyín. Ayípo ni orúkọ obìnrin náà, irun rẹ̀ funfun, ó ń yí láìdúró. Ó gbá ọkọ̀ bàbá mi mú, ó dojú rẹ̀ dé.

"Ìdáhùn dà?" ni ó wí sí i létí lábẹ́ omi. "Kí ló jókòó sáàárín ìjà tí ìjà kò kàn án?"

Ẹni tí ó wà lábẹ́ omi kò lè dáhùn. Orí bàbá mi fẹ́ jáde, ọrùn rẹ̀ ń fà á. Ó rántí Ìyá Olókè-Odò, ó fi orí náà sílẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo bí ẹ̀rù ti ń bà á, ó fi ìbàdí yí, ó sì yọ. Omi gbá a lọ sí ọ̀tún, ó gbá a lọ sí òsì, ó sì jù ú sí ẹ̀yìn àpáta ńlá kan.

Níbẹ̀, ariwo dákẹ́. Ọkọ̀ dúró. Ewé kan ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú omi, pẹ́pẹ́yẹ kan sì ń wá kòkòrò jẹ lẹ́bàá rẹ̀. Ní apá ọ̀tún omi ń jà, ní apá òsì omi ń jà, ìwọ̀n apá méjì péré ni sí ibi tí ó wà. Bàbá mi wo ewé náà, ó wo pẹ́pẹ́yẹ náà.

"Omi ẹ̀yìn àpáta!" ó kígbe. "Omi ẹ̀yìn àpáta ni!"

"Òun ni," ni Ayípo wí. "Gbogbo àpáta tó wà lórí odò yìí ló ní tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ í sinmi, èmi ni mo ni ín. Jókòó níbẹ̀ kí o mí."

Ó mí lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yún un nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ, bí ó bá ti rí àpáta, yóò yà sẹ́yìn rẹ̀, yóò mí, yóò wo iwájú, kí ó tó máa lọ. Báyìí ni ó ṣe parí ọjọ́ karùn-ún láìfarapa. Ní ọjọ́ kẹfà, Àgbà kẹta fi ìbàdí hàn án, ó sì la ọjọ́ náà já láìsí ìjà kankan. Afẹ́fẹ́ kan tí ó tutù ni ó kàn ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn, ọ̀run lókè odò sì ti dúdú.

Òjò náà rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, bàbá mi gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ Àgbà kẹrin. Ìrìn ọjọ́ kan ni ó kù sí Ìdí-Òro. Bí ó bá wọ omi ní òwúrọ̀ yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni yóò délé, yóò sì bá wọn jí sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde sórí eékún, ó tọrọ àforíjì, ó gbé ojú sókè.

Orí òkúta náà nìkan ni ó rí. Omi ti dé ọrùn.

Kì í ṣe odò tí ó mọ̀ mọ́. Ó ti di pupa, ó ti gba igbó ní apá méjèèjì, kò sì sí ẹ̀yìn àpáta kankan mọ́ nítorí kò sí àpáta tí ó yọrí. Bàbá mi jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó, ó tún dìde. Ìgbà kẹtàdínlógún tí ó dìde ni ẹsẹ̀ rẹ̀ la ẹnu bá a sọ̀rọ̀.

"Ọdẹ́jìnmí, ọjọ́ kan péré ló kù," ni ẹsẹ̀ ọ̀tún wí. "Kí la ń ṣe níhìn-ín?"

"Àgbà ní kí n jókòó."

"Àgbà òkúta!" ni ẹsẹ̀ òsì wí. "Odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Àwa la gbé ọ la Igbó Adákẹ́ kọjá, omi kékeré yìí ni yóò wá dá wa dúró? Tí Àwẹ̀ró bá di ẹrù rẹ̀, ṣé òkúta ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé ọkọ̀ dé etí omi. Ó ti na ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀ nígbà tí ìtì ìrókò kan ti òkè wá, ó gùn tó ilé mẹ́ta, omi ń gbé e bí ẹní gbé koríko. Ó dé ibi tí ọ̀nà odò ti há nísàlẹ̀, ó dábùú, a gbọ́ ìró kan, ìtì náà sì ṣẹ́ bí orín. Èyí tí ó kù nínú rẹ̀ kò yọjú mọ́.

Bàbá mi fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó gbé awọ tí ó fi ń di ìbàdí, ó fi í di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ gbòǹgbò igi kan lẹ́bàá Àgbà kẹrin, ó sì ta kókó rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Ó jókòó. Ẹ̀yin ará, mo ti sọ ọ́ pé mo ti bá ẹfọ̀n wo ara wa lójú. Bàbá mi ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bú u, ó ń gbọ́, kò sì tú u.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́, ọrùn ni omi ṣì wà. Ó ń wo oòrùn. Ó ní, wọ́n ti ń gbá ojúde wàyí. Ó ní, àwọn àna òun ti dé. Ó ní, wọ́n ti gbé oyin jáde, wọ́n ti gbé iyọ̀, wọ́n ń béèrè bàbá ọmọ. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó gbé ojú lé eékún, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n nà. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti wo òkúta àkọ́kọ́, òun ìbá ti délé kí òjò tó rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, omi ti fà dé ìbàdí. Ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kí Àgbà kẹrin, ó wò ó dáadáa, ó sì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn Ìdí-Òro. Kò sáré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni rí i tí ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ débì kan, nítorí ilé òfìfo ni ó rò pé òun fẹ́ bá. Ojúde mọ́ roro. Àwọn àna ti lọ.

Àwẹ̀ró jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ wà lórí itan rẹ̀, igbá omi kan tí wọ́n fi ewé bò sì wà lẹ́bàá rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Láti ọjọ́ kejì ni òwú ọwọ́ Àwẹ̀ró ti ń kán omi tó, tó, tó, títí aṣọ ọmọ fi ń tutù. Ó mọ̀ pé orí odò ni ọkọ òun wà. Ní ọjọ́ keje, ó sáré lọ sí etídò, ó rí ìkún-omi pupa, ó rí àjákù ìtì ìrókò tí ó ń léfòó kọjá. Obìnrin tí ó ti fi ọdún mẹ́tàlá bínú pé ọkọ òun ń pẹ́, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Olúwa, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ẹ dákun, lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ jẹ́ kó pẹ́." Ó fọwọ́ kan òwú náà. Ó gbẹ. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó gbẹ táútáú.

Ó ní, "Ó jókòó." Ó sì bú sẹ́kún.

Ní ọjọ́ kẹjọ, bàbá rẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn ẹbí láti wá sọ ọmọ lórúkọ, kí wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ lọ bí ó ti wí. Ó ní ibì kankan kò tún sí tí òun ń lọ. Ó ní kí wọ́n fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu wò, kí wọ́n fi iyọ̀, kí wọ́n fi atare àti obì, kí bàbá àgbà sọ ọ́ ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé omi, ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni yóò fi fún un." Wọ́n bínú, wọ́n ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ewé bo igbá omi náà.

Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀. Àwẹ̀ró ṣí ewé kúrò lórí igbá náà, ó sì na ọmọ sí i. Bàbá mi jókòó sílẹ̀, ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀, ó gba ọmọ. Ó ti ìka bọ omi, ó fi kan ọmọ náà lẹ́nu, ó ní orúkọ rẹ̀ ni Omídẹ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Bàbá Ọdẹ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ti wá mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Nígbà náà ni ìyá mi tó wo ọkọ rẹ̀, láti orí dé ẹsẹ̀, kò fi ibì kan sílẹ̀.

"Ẹ pẹ́," ó ní.

"Mo pẹ́."

"Ẹ ṣeun."

Ó yá, ẹ dìde, ẹ gbọn eruku ìdí yín. Ìtàn mi ti dé ìbàdí, ẹ máa lọ sílé.